Mo gun Òkè Ìdànrè pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi: ohun tó yẹ kí ọmọ Èkó mọ̀ kó tó pọ́n òkè

Ìròyìn òṣèlú àti owó epo ni mo sábà máa ń gbé wá fún yín, àmọ́ lónìí, ẹ jẹ́ ká fi àwọn olóṣèlú sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ òkè ni mo fẹ́ sọ. Òkè gidi, èyí tó ń mú ẹsẹ̀ gbọ̀n.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ẹ máa pè é ní Tájù. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, Ìkòròdú ni wọ́n bí èmi sí. Ọmọ etí ọ̀sà ni àwa méjèèjì. Tájù mọ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀, èmi mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ òkè nínú wa. Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Físà mi ti jáde o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n wọ bàálù lọ sí ìlú ọba. Mi ò tíì gun òkè kankan rí nílẹ̀ Yorùbá. Tí wọ́n bá bi mí lọ́hùn-ún ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló fẹ́ bi í. Ó ní òun náà lòun máa bi ara òun.

Bí a ṣe múra ìrìn àjò nìyẹn. Mo gbéra láti Ìkòròdú, mo gba Ṣágámù. Òun gbéra láti Ẹ̀pẹ́. A pàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde, a jọ wọ mọ́tò kan náà gba Òrè àti Oǹdó títí dé Àkúrẹ́. A sùn síbẹ̀ lálẹ́ Jímọ́ọ̀, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ti Èkó lọ, kó gun òkè, kó tún padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ara rẹ̀ ló ń fìyà jẹ. Láti Àkúrẹ́, Ìdànrè ò jìnnà mọ́. Ó lé díẹ̀ ní 20 kìlómítà.

Kí ló dé tí irú òkè yìí ò sí ní Ìkòròdú?

Ìbéèrè yìí ni Tájù bi mí nínú mọ́tò, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ nínú yín náà ò tíì rò ó rí.

Tí ẹ bá gbẹ́ kànga ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, iyanrìn àti amọ̀ lẹ máa bá. Odò àti òkun ló kó wọn jọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Àpáta wà lábẹ́ wọn lóòótọ́, àmọ́ ó jìn gan-an. Bí èèyàn bá wá ń kúrò ní etí ọ̀sà tó ń lọ sókè ilẹ̀, iyanrìn yẹn á máa fẹ́lẹ́ sí i, títí tí àpáta á fi yọ orí síta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta nìyẹn, níbi tí Olúmọ wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdànrè náà nìyẹn.

Akọ òkúta ni Òkè Ìdànrè, ọjọ́ orí irú òkúta bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa sì lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà náà, òkúta yíyọ́ tó gbóná janjan ru láti ìsàlẹ̀, àmọ́ kò ráyè jáde. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti tutù, tó sì dì gbagidi. Lẹ́yìn náà, oòrùn àti òjò wá ń jẹ ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀. Òkúta tó rọ̀ jẹrà, omi gbé e lọ. Akọ òkúta ò jẹrà bọ̀rọ̀, ó sì dúró. Ìdànrè ò hù jáde bí olú o. Ilẹ̀ tó yí i ká ló lọ, tó fi òun nìkan sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn náà tí orí àwọn òkè yẹn fi rí roboto bí orí apárí. Nígbà tí ẹrù ilẹ̀ kúrò lórí òkúta náà, ó nà díẹ̀, ara rẹ̀ sì ń là ní ìpele ìpele, ó ń bó bí àlùbọ́sà. Igun tó bá yọ á bó dànù, á ku ibi tó dán. Ẹ fi ọ̀rọ̀ dídán yìí sọ́kàn. A máa padà sí i.

Èémí ni wàhálà, kì í ṣe afẹ́fẹ́

Wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn sí ojú ọ̀nà òkè náà. Ó lé ní 600. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé lásán máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 17. Tí ẹ bá fi 17 lọ́nà 600, ó ti lé ní mítà 100. Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1965, mítà 105 ni gíga rẹ̀. Ẹ wá rò ó pé ẹ fi ẹsẹ̀ gun Ilé Kòkó láti ilẹ̀ dé òrùlé, láìsí ẹ̀rọ agbéniròkè, nínú oòrùn. Tí ẹ bá sì débẹ̀ tán, ẹ ò tíì parí o. Ọ̀nà ṣì ń lọ.

Tájù sáré gun ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́. Ó ní òun máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sunday. Kí a tó dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́, ó ti jókòó, ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, ojú ẹ̀ ti yí padà. Ẹ̀gbọ́n tó ń fi ọ̀nà hàn wá, ọkùnrin kan tó ti lé ní 50 ọdún, wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ rọra. Òkè ò lọ síbì kankan."

Tájù wá ń ṣàròyé pé afẹ́fẹ́ ò tó lórí òkè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ìdànrè. Gíga àwọn òkè tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun, ìyẹn nǹkan bí mítà 900. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tó ohun tó lè dá ẹni tí ara rẹ̀ le dúró. Àìsàn orí òkè, tó máa ń fa orí fífọ́ àti èébì, kì í sábà bẹ̀rẹ̀ tí èèyàn ò bá tíì dé nǹkan bí mítà 2,500. Òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, kò tíì dé ibẹ̀ pàápàá: mítà 2,419 ni. Ẹni tó bá ń lọ sí Kilimanjaro ní Taǹsáníà, tó ga ní mítà 5,895, ìyẹn ló yẹ kó máa bẹ̀rù afẹ́fẹ́.

Kí ló wá ṣe Tájù? Nígbà tí ẹ bá ń rìn ní títì, ẹsẹ̀ yín kàn ń gbé yín síwájú ni. Tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ìwúwo ara yín sókè. Iṣan itan ń béèrè ọ́síjìn, ọkàn ń sáré láti gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá sáré jù, ohun tí iṣan ń béèrè á ju ohun tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóróò lè fún un. Gbèsè ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ ó sì jókòó san án tipátipá. Tí bọ́ọ̀lù bá rẹ èèyàn, ó lè dúró lójú kan kó wo àwọn tó kù. Àtẹ̀gùn ò fúnni ní irú àyè yẹn.

Ẹ̀gbọ́n yẹn fún wa ní ìwọ̀n kan tó rọrùn. Ó ní tí a bá ń lọ tí a ṣì lè bá ara wa sọ̀rọ̀, ó dáa. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan péré lẹ lè sọ kí ẹ tó mí, ẹ ti ń yára jù. Láti ìgbà yẹn, Tájù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Ó sọ ti físà, ó sọ ti òtútù, ó sọ ti ìyá rẹ̀ tí kò tíì gbà pé ó ń lọ. Bí a ṣe gùn ún tán nìyẹn, kò sì sí ẹni tó tún jókòó tipátipá mọ́.

Ìlú tó wà lórí àpáta

Ohun tó wà lókè, kì í ṣe igbó lásán. Ìlú ni. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nǹkan bí ọdún 1923 ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà báyìí. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, kóòtù àtijọ́ wà níbẹ̀, ibojì àwọn àgbà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2007, orúkọ Òkè Ìdànrè wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé.

Ẹ̀gbọ́n yẹn fi Ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn wá, ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ló máa ń bá a mu, ti ọmọdé, ti àgbà, àfi ti àjẹ́. Tájù wò mí. Mo ní, "Ìwọ ni kó kọ́kọ́ ki tìẹ bọ̀ ọ́." Ó ní, "Ìwọ ni akọ̀ròyìn." A jọ kì í bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fòyà, ó bá wa mu.

Kí ló gbé odindi ìlú lọ sórí àpáta? Ogun ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó wọn lẹ́rú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ́n òkè, á sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀. Ẹ rántí bí Tájù ṣe rí ní ọgọ́rùn-ún àtẹ̀gùn, láìgbé idà, láìgbé apata. Tájù jókòó sí iwájú ààfin, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Àwa lọ́dọ̀ọ̀ tiwa, a ò ní òkè. Ṣé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ Erédò?"

Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ Erédò Súńgbọ́, yàrà ńlá tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí wọ́n so mọ́ orúkọ Bílíkísù Súńgbọ́. Ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tí wọ́n kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tó mítà 20. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ní, nítorí náà wọ́n fi ọkọ́ gbẹ́ òkè tiwọn. Ìdànrè bá tiẹ̀ nílẹ̀.

Kí ló wá mú wọn sọ̀ kalẹ̀? Àlàáfíà ni. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó pẹ̀tù sí ogun Kírìjí lọ́dún 1886, ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń lé yín mọ́, òkè di ìnira. Omi, igi ìdáná, ẹrù ọjà, gbogbo rẹ̀ lẹ ó gbé gòkè. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà mọ́tò wà, ìsàlẹ̀ ni oko kòkó wà, ìyẹn kòkó tí Ìdànrè fi lórúkọ títí di òní. Tájù gbọ́ èyí tán, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Nítorí náà, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ibẹ̀." Ẹ̀gbọ́n yẹn ní, "Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ o. Wọ́n ṣì ń gòkè wá ṣọdún."

Ibi tí a ti yí padà

Ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù. Lókè ìlú àtijọ́ yẹn, àpáta kan wà tó tún ga sí i, tó dán borokoto. Tájù ní ibẹ̀ lòun fẹ́ dé. Ó ní òun ò lè wá láti Ẹ̀pẹ́ kí òun má dé ṣóńṣó òkè. Ojú ọ̀run ní ìhà ìlà oòrùn ti ṣú. Ẹ̀gbọ́n yẹn wò ó, ó ní ká máa bọ̀ nílé. Tájù bẹ̀ ẹ́, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú ogún péré." Ó kọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jiyàn tí mànàmáná kọ. Mo ka ìṣẹ́jú-àáyá títí àrá fi sán: méjìlá. Ìṣirò yìí wúlò, ẹ kọ́ ọ. Ojú ẹsẹ̀ lẹ máa rí mànàmáná, àmọ́ ìró àrá ń rin nǹkan bí kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ẹ fi mẹ́ta pín iye tí ẹ bá kà. Méjìlá já sí kìlómítà mẹ́rin. Ẹ lè rò pé ó jìnnà. Kò jìnnà rárá. Mànàmáná lè fò ju kìlómítà mẹ́wàá lọ sí iwájú òjò tó mú un wá. Tí ẹ bá ti ń gbọ́ àrá, ó lè bà yín níbi tí ẹ wà. Lórí àpáta tí kò sí igi, tí kò sí ilé, orí yín ló ga jù lọ níbẹ̀.

Ìdí kejì ni àpáta tó ń bó bí àlùbọ́sà yẹn. Tó bá gbẹ, bàtà á dì í mú dáadáa. Tí òjò bá kàn án, tó sì ní àwọn ewé tín-tìn-tín tó máa ń hù mọ́ òkúta lára, á máa yọ̀ bí ilá.

Mo fa Tájù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí ẹsẹ̀ ẹ bá ṣẹ́ lónìí, ta ló máa wọ bàálù yẹn? Kí ni màá sọ fún màmá ẹ?" Ó wo àpáta yẹn, ó wo mí, inú bí i. Kò dá mi lóhùn. Ó kàn yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí òjò fi dé.

Òjò dé lóòótọ́. A ò tíì ṣe ìdajì àtẹ̀gùn tó fi rọ̀, ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń da omi láti inú garawa. Àtẹ̀gùn ní irin tí a lè dì mú, àmọ́ ẹsẹ̀ Tájù yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì, ó fi ìdí jókòó, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́, ó ń wo omi tó ń ṣàn lára àpáta tí a fi sílẹ̀ lókè. Ó wá sọ pé, "O ṣeun." Ọ̀rọ̀ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní yíyọ́ ẹkùn, ti ojo kọ́.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń bá ẹsẹ̀ jà jù

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gígun ló le, pé ìsọ̀kalẹ̀ kò ní wàhálà. Fún èémí, òótọ́ ni. Fún itan àti orúnkún, irọ́ ni. Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, iṣan itan ń súnkì láti gbé yín. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan kan náà ń gùn sí i, síbẹ̀ ó ń dá yín dúró kí ẹ má ṣubú, bíi búréèkì mọ́tò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Irú iṣẹ́ yẹn ló máa ń já àwọn fọ́nrán kéékèèké inú iṣan. Kò ní dùn yín lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ló máa ń le jù. Lọ́jọ́ Monday, mi ò lè jókòó sórí àga láìdi tábìlì mú. Tájù ní òun ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé alájà méjì tí òun ń gbé. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe àìsàn. Ọjọ́ mélòó kan, á lọ.

Tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ lọ

Ẹ má lọ láìní afinimọ̀nà. Ẹni tó mọ òkè mọ ojú ọ̀run rẹ̀ náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù. Lásìkò òjò, ọ̀sán ni àrá sábà máa ń sán. Ẹ ti ìsàlẹ̀ dá aago tí ẹ máa yí padà, kí ẹ tó gòkè, nígbà tí orí yín ṣì pé. Tí aago náà bá lù, ẹ yí padà, ibi yòówù kí ẹ dé.

Ẹ wọ bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò tíì jẹ tán. Ẹ fi sílípáàsì sílẹ̀ nílé. Ọ̀pá kan á ran orúnkún yín lọ́wọ́ nígbà ìsọ̀kalẹ̀.

Ẹ gbé omi tó pọ̀, ó kéré tán lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀ kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Ẹ mú nǹkan tó níyọ̀ díẹ̀ dání, bí ẹ̀pà tí wọ́n fi iyọ̀ yan, nítorí òógùn ń gbé iyọ̀ lọ. Ẹ kó ọ̀rá omi yín padà sílé, ẹ má sọ ọ́ sílẹ̀ níbi ibojì àwọn àgbà.

Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú.

Tájù ti dé ìlú ọba báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní níbi iṣẹ́ tuntun rẹ̀, wọ́n bi í bóyá òkè wà ní ìlú rẹ̀. Ó ní òun sọ fún wọn pé ó wà, pé òun ti gùn ún, pé ó ku díẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí kò parí ẹ̀. Ó ní òjò ni, àti ọ̀rẹ́ òun kan tó lágídí.

Ó ní tí òun bá wá sílé, a máa padà lọ parí ẹ̀. Mo ti sọ fún un pé aago mẹ́fà àárọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀.